Ampúùlù Tó Dojú Bolẹ̀

Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kò sì tíì dún. Èmi àti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba iṣẹ́ òru lọ́wọ́ mi dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù DDA, ibi tí a máa ń ti àwọn oògùn tí òfin dè mọ́lẹ̀ mọ́, mo ń fi iná fóònù mi tàn sí inú rẹ̀. Pethidine là ń kà. Ìwé ní méje ló kù. Mo wo inú páálí, mo rí orí méje. Mo ní, "Ó pé." Ó ti gbé bírò sókè láti fọwọ́ sí i. N kò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi fa ọ̀kan yọ. Bóyá torí pé iná fóònù yẹn jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Mo yí i padà. Plasil ni.

Fún ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì: oògùn èébì ni Plasil. Kò wọ́n, ó kún orí tírèè wa, kò sẹ́ni tó ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Pethidine ni oògùn ìrora tí a máa ń fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ó sì wà lára àwọn tí òfin dè mọ́lẹ̀ torí pé ó máa ń di bárakú. Inú ampúùlù, ìgò gíláàsì kékeré, ni oògùn abẹ́rẹ́ máa ń wà. Mílílítà méjì ni ampúùlù méjèèjì tí à ń lò níbẹ̀, gíláàsì wọn mọ́ bákan náà, omi inú wọn mọ́ bákan náà. Bí o bá ki ọ̀kan bọ ihò èkejì nínú páálí, tí o sì jẹ́ kí lẹ́tà ara rẹ̀ dojú bolẹ̀, ẹni tó bá ń ka orí kò ní mọ̀. Orí la sì máa ń kà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí èmi náà ti ń ka orí.

2019 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Mainland, ní Èkó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Mo ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ nígbà náà. Kí n má purọ́, oògùn kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò. Ènìyàn ni mo rò. Kí n tó da páálí délẹ̀, orúkọ ẹnì kan ti dé orí ahọ́n mi. Ohun tó dá ahọ́n mi dúró ni Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì ni obìnrin tó ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù wa ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní apá Island, ní 2011. Kò sí orúkọ mìíràn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ìsọlọ̀ ló ti ń wá, ó máa ń dé kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Pentazocine, oògùn ìrora mìíràn, kò pé. Mọ́kànlá ló wà nínú ìwé, mẹ́wàá ló wà nínú páálí. Sister tó ń darí wa ní kò sẹ́ni tó ń jáde. Ó bèèrè pé ta ló wọ yàrá oògùn láàárọ̀. Gbogbo wa la wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wa kò ṣí bí ẹnì kan ṣe ní, "Ìyá Ìbejì náà nu ibẹ̀ o." Ó tán. Ó di ti Ìyá Ìbejì.

Èmi ni mo kéré jù, èmi ni wọ́n ní kí n tú báàgì rẹ̀. Orí tábìlì tí a ti ń kọ ìwé ni mo tú u sí. Gààrí inú nylon. Ààbọ̀ búrẹ́dì Agége tó fi ìwé ìròyìn wé. Tẹ̀sùbáà kan tí okùn rẹ̀ ti já tó sì so padà. Ìró kan tó ṣẹ́po. Nígbà tí a kò rí nǹkan kan, Sister ní kó tú igun ìró tó ró sídìí. Ó tú u. Owó tó máa wọ mọ́tò lọ sílé ló dì síbẹ̀, ó ká a mọ́ra kékeré bí ewé ẹ̀kọ. Ó ń wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ wò ó dáadáa o. Ẹ wò ó dáadáa." Ó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, ó sì ń fi ẹ pè mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, apoògùn wá. Kò béèrè ẹni tó nu ilẹ̀. Ó kàn ṣí ìwé, ó ń fi ẹ̀yìn bírò tẹ̀lé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ewé kejì, ó dúró. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ewé tó parí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sókè ewé tuntun, ó di mọ́kànlá. Bírò ló bí ampúùlù tí à ń wá. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Sister ní, "Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni." Ìyá Ìbejì ní kò sí nǹkan. Ó ṣiṣẹ́ títí oṣù fi parí, ó gba owó rẹ̀, a kò rí i mọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ rí. Mo ń dúró de ọjọ́ tí ojú kò ní tì mí, ọjọ́ náà kò dé kó tó lọ.

Nítorí náà, ní 2019, mo gbé orúkọ tó wà lórí ahọ́n mi mì.

DDA tí à ń pè é yìí, òfin ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ni, Dangerous Drugs Act ti 1935. Púpọ̀ nínú àwa tó ń pe lẹ́tà mẹ́ta náà lójoojúmọ́ ni kò mọ ohun tó dúró fún. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Decree 48 ti 1989 dé, òun ló dá NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, sílẹ̀, NAFDAC sì ń mójú tó bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ṣe ń wọ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n bó bá dé wọ́ọ̀dù, gbogbo òfin yẹn kò ju kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn méjì lọ, kọ́kọ́rọ́ kan nínú àpò ẹni tó ń darí iṣẹ́, àti ìwé gbàǹgbà kan tí wọ́n fa ìlà sí: ọjọ́, aago, orúkọ aláìsàn, ìwọ̀n tó gbà, ìwọ̀n tí a dà nù, ẹni tó fún un, ẹni tó jẹ́rìí, iye tó kù. A kì í pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Bí o bá ṣì í kọ, wàá fa ìlà kan ṣoṣo kọjá kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, wàá fọwọ́ sí i, ẹnìkejì rẹ náà á fọwọ́ sí i. Ìwé DDA tí mo bá rí Tipp-Ex nínú rẹ̀, àyà mi á já.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti japa lọ sí Ìlú Ọba sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn, àfi kí o tẹ ìka sí i kó tó ṣí. Mo ní ó mà dáa o. Ó ní, "Dáa kẹ̀? Ẹni méjì ṣì ni wá nídìí rẹ̀, a ṣì ń kà á."

Jẹnẹrétọ̀ dún. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gba iṣẹ́ pé a ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan, kó jọ̀ọ́, kó fa àga sún mọ́ mi. Mo tún sọ fún àwọn méjì tí a jọ ṣe iṣẹ́ ọ̀sán pé kí wọ́n má tíì lọ. Ẹnì kan pòṣé, ó ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ á ti wà lórí afárá Third Mainland. Mo ní kó má bínú. A da gbogbo páálí sórí tírèè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ, kì í ṣe orí mọ́. Mo mú ampúùlù kan, mo pe orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó tún un pè, a gbé e sílẹ̀. Pethidine, mẹ́fà. Plasil, ọ̀kan. Pentazocine pé. Diazepam pé.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí apoògùn ayé Ìyá Ìbejì ṣe. Mo ṣí ìwé sẹ́yìn títí dé ọjọ́ tí wọ́n kó Pethidine wá gbẹ̀yìn láti fámásì, mo ń ṣírò rẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Kò sí àṣìṣe. Mo ní kí wọ́n kó fáìlì àwọn aláìsàn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ wá. Aago tó wà nínú ìwé bá aago tó wà nínú fáìlì mu. Mo wo àpótí tí a máa ń kó òfìfo ampúùlù sí, torí pé òfìfo la fi ń gba tuntun lọ́wọ́ fámásì. Òfìfo náà pé. Nígbà náà ni ara mi tutù. Bí ìṣirò bá ti péye tó báyìí, tí oògùn kò sì sí, a ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ bírò.

Mo pe Matron tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Sálúbàtà ló wọ̀ gòkè wá, ó ti ń múra àtikírun. Kò pariwo. Ó ní kí n gbé ìwé wá, kí n jókòó, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ kún ojú ìwé kan. Ó kà á, ó fi ìka sí ìlà kan ní ìsàlẹ̀, ibi tí mo ti kọ ọ́ pé mo fura sí ẹnì kan.

Ó ní, "Ṣé o rí i tó ń mú un ni?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Ẹnì kan sọ fún ẹ pé òun rí i?"

"Rárá, mà."

"Tún ìwé yìí kọ. Kọ ohun tí o kà, aago tí o kà á, ẹni tó wà níbẹ̀. Èyí tó wà lọ́kàn ẹ, jẹ́ kó wà lọ́kàn ẹ."

Inú bí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù méjì ni mo tó mọ̀ pé ìwé kejì yẹn, tí kò sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀, nìkan ló dúró nígbà tí wọ́n pè wá jókòó. Ó ní kí n má gbé e sórí WhatsApp, kí n má tú báàgì ẹnikẹ́ni, kí n má pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù ní òru yẹn. Ó mú Plasil yẹn, ó fi í sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Apoògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wá gba kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ wa kílẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù, ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Ẹni tó bá ti dúró ti irú wọn rí nígbà tí ara bá dé mọ irú ìrora tí mò ń wí: àgbàlagbà ọkùnrin á máa pe ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yẹn. Àwa nọ́ọ̀sì sì ní ìwà kan, kí Ọlọ́run dárí jì wá. Bí onífòníkúfọ̀ladìde bá ti bèèrè abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ti ń wo ara wa lójú pé oògùn ti wọ̀ ọ́ lára, abẹ́rẹ́ ló fẹ́, kì í ṣe ìrora. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí ó di bárakú fún, mo ti rí itan tó ti le bí pátákó nítorí Pentazocine. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí sọ nǹkan kan fún mi tí mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Mò ń gba iṣẹ́ òwúrọ̀, mo kí i, mo ní báwo lara, ó ní, "Àǹtí, abẹ́rẹ́ ọ̀sán ń ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ òru kì í ṣiṣẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Abẹ́rẹ́ náà ń sùn lóru ni?" Àwọn tó wà lórí ibùsùn tó kù rẹ́rìn-ín. Òun náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí ògiri.

Oògùn yẹn nínú páálí yẹn kan náà ni, dókítà kan náà ló kọ ọ́, ìwọ̀n kan náà. Ó yẹ kí ìrora rẹ̀ máa rọ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó sì rí oorun sùn fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Ó ti sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n mọ̀ fún mi. Apoògùn ló wá lo ọjọ́ mẹ́jọ lórí ìwé oṣù mẹ́ta kó tó rí ohun tí ọmọ yìí sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Gbogbo ibi tí fáìlì ti sọ pé wọ́n fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ní aago kan òru, tí ẹlòmíràn sì kọ ọ́ ní aago mẹ́fà pé aláìsàn náà kò sùn rárá, ọwọ́ ẹnì kan náà ló wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju ohun tí a lè pè ní èèṣì.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ń fa iṣẹ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́ tàbí tí mò ń gbà á, mi ò kí ń ṣe é lórí ìwé nìkan. Màá lọ bá aláìsàn náà lórí ibùsùn, màá bi í bí abẹ́rẹ́ ṣe ṣe é, aago mélòó ló sùn, màá sì kọ ohun tó bá sọ bó ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti èmi fúnra mi, èyí tí n kò fẹ́ràn láti máa sọ.

Ampúùlù Pethidine wa, 100mg ni. Dókítà lè kọ 50mg. Ìdajì tó kù, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ rí i bí ó ṣe ń bọ́ sínú síńkì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ọdún kìíní mọ̀ ọ́n. Àǹtí kan wà lára wa, màá pè é ní Àǹtí Òru torí iṣẹ́ òru ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń wá iṣan ọmọ ọwọ́ fún dírípù. Bí ó bá ku owó ọkọ̀ fún mi, òun ni mo máa ń bá. Ó máa ń gbé ìwé DDA wá bá mi níbi tí mo ti ń kọ ìròyìn iṣẹ́, á ní, "Àbúrò, bá mi fọwọ́ sí i jọ̀ọ́, mo ti dà á nù." Màá sì fọwọ́ sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ẹni tó ju mí lọ, kí n ní, "Àǹtí, ibo lẹ dà á sí?" Bí ìgbà tí mo pè é ní olè ni.

Ìgbà mọ́kànlá ni apoògùn rí orúkọ mi ní ààyè ẹlẹ́rìí. Mọ́kànlá, bíi ti Ìyá Ìbejì. Matron ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún mi, ó ní èwo nínú rẹ̀ ni mo rí pẹ̀lú ojú mi. Mo dákẹ́ títí, mo wá ní, "Ọ̀kan, mà. Bóyá méjì." Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé bírò náà lè gba epo sílẹ̀.

Mo gba kúẹ́rì. Mo kọ èsì rẹ̀ fúnra mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ ọ́, mo sì sọ òtítọ́ inú rẹ̀. Ìgbéga tí mò ń retí lọ́dún yẹn fò mí dá. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa bínú sí mi, wọ́n ní mo fi ọwọ́ ara mi kó ara mi sí wàhálà, ta ló ní kí n sọ pé mi ò rí i? Bí mo bá ní mo rí i, ta ló fẹ́ já mi nírọ́? Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé olè lásán ni irú ọ̀rọ̀ yìí, pé owó oògùn náà ni wọ́n pàdánù. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn kan tó ń jẹ́ David Kwiatkowski máa ń jí síríǹjì tí wọ́n ti fa fentanyl, oògùn ìrora tó lágbára gan-an, sí, á gún ara rẹ̀, á wá fi omi iyọ̀ dí i, á dá a padà. Ó ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C. Ó lé ní 30 aláìsàn tó kó o ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo níbẹ̀. 2012 ni àṣírí tú, ní 2013 wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 39. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù, kì í ṣe láti dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tí wọ́n jí oògùn rẹ̀ kọ́ ni ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń sunkún lórí ibùsùn ni.

Àǹtí Òru ńkọ́? Òun náà ni orúkọ tó wà lórí ahọ́n mi ní alẹ́ yẹn, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n kí ni mo fi mọ̀? Kádígàn tó máa ń wọ̀ nínú ooru. Gbogbo nọ́ọ̀sì òru ló ń wọ kádígàn. Ó máa ń pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó máa ń yán, imú rẹ̀ máa ń ṣomi, ó máa ń làágùn. Ó máa ń bá ẹlòmíràn fún aláìsàn rẹ̀ ní abẹ́rẹ́, a sì máa ń kí i pé ó ṣeun. Nígbà tí a ti mọ̀ tán, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ẹ̀rí. Kí a tó mọ̀, kò yàtọ̀ sí obìnrin tó ti rẹ̀. Bí mo bá fi kádígàn mú un ní alẹ́ yẹn, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni, mo ti tún tú báàgì Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, kò jiyàn. Ó kàn bọ́ kádígàn náà. Matron ló wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ọlọ́pàá ló kàn, àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́ kó máa lọ. Ti ẹ̀yìn yìí ló bí mi nínú jù, torí pé bí ó bá kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lónìí ní ilé ìwòsàn kan, ọ̀la ló máa gba kọ́kọ́rọ́ DDA ní òmíràn ní òdìkejì afárá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Wọ́n kọ̀wé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tó yẹ. Ibi tí wọ́n bá a dé, èmi kọ́ ló yẹ kó máa sọ ọ́.

Mo lọ wò ó ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, níbi tó ti ń gba ìtọ́jú. Ẹ mọ bí a ṣe máa ń sọ "Yábàá Lẹ́fùú" ní Èkó, tí a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ó sọ fún mi pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ kẹta ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta yẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mélòó kan tó sinmi. Ó padà síṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò sunkún. Ó bi mí nípa ọmọkùnrin yẹn. Mo ní ó ti lọ sílé, pé a ti bẹ ìyá rẹ̀, pé èmi fúnra mi bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn jẹ́ òótọ́: ojú ṣì ń tì mí nígbà tí mo lọ, ṣùgbọ́n mo lọ. Ọmọ náà tilẹ̀ ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé mi ò ya wèrè." Àǹtí Òru gbọ́ èyí, ó da ìdérí bo jọ̀lọ́ọ̀fù náà, kò jẹ ẹ́ lójú mi.

Èmi náà ni mò ń darí wọ́ọ̀dù báyìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. A kì í ka orí mọ́. Wọ́n ń pè mí ní orúkọ kan lẹ́yìn mi tí mo mọ̀, tí mo sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọmọ nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbé ìwé wá bá mi. "Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, mo ti da 50 nù."

Mo ní, "Ibo ni mo wà nígbà tí o dà á?"

Ó ní, "Ẹ̀ ń bá dókítà sọ̀rọ̀, mà."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé Sister ò rí i, kí o sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí á jọ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ fún Matron."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rò pé mo pè é ní olè. Mo mọ ojú yẹn, mo ti bẹ̀rù láti rí i lójú ẹlòmíràn fún ọdún mẹ́wàá. Ó kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Mi ò rò pé ó fẹ́ràn mi ní ọjọ́ yẹn, kò sì dá mi lóhùn nígbà tí mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ bọ ẹ̀bà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí síńkì. "Sister! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀, mo ṣì mú un dání o." Mo nu ọwọ́ mi, mo dìde. Ó gbé síríǹjì náà sókè sí ibi iná, bírò wà létí rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lu ilẹ̀ bí ẹni tí mo ń fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò.